Bí Wọ́n Ṣe Dín Kíláàsì Kẹta Kù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ìdajì kíláàsì kẹta gba ojú ihò ara ọgbà ilé-ìwé kọjá sí iléékéwú Alfa Sùnmọ́nù. Wọ́n tò bí èèrà, wọ́n fi bàtà há abíyá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kùdírátù, tíṣà wọn, ló dúró ti ihò náà tó ń tì wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. 

Alfa Sùnmọ́nù ń gbà wọ́n lódìkejì. Ó ń fi tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ júwe fún wọn pé kí wọ́n lọ jókòó sórí ẹní.

“Ìyá Habeeb,” ló wí fún Kùdírátù, “ṣé ẹ mọ̀ pé mọ́sálásí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí? Ilé Ẹni tó ń rí gbogbo nǹkan lẹ kó wọn wá fi pamọ́ sí.”

“Alfa, ẹ ṣàánú mi. Kò ní pẹ́.”

“Èmi ò kọ̀. Tíṣà ni èmi náà. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé mi ò ní í bá a purọ́ o. Ti ọrùn mi ti tó mi í rù.”

Kùdírátù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá.

Kò sí òbí kan ní agbègbè náà tí kò mọ̀ pé kíláàsì kẹta ti kún ju bó ti yẹ lọ. Ilé-ìwé ìjọba ni, ní Muṣin, kò jìnnà sí Pápá Àjàó, láàárín àwọn tó ń lu páànù àti àwọn mẹkáníìkì. Ọgọ́rin ọmọ ló wà nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún ogójì. Ọmọ márùn-ún ló ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́ni mẹ́ta. Èyí tí kò bá rí àyè lórí tábìlì, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé ìwé lé. Bí ẹni iwájú bá wúkọ́, lẹ́tà ẹni ẹ̀yìn ti yà kúrò lójú ìlà. Nígbà òjò, tí wọ́n bá ti fèrèsé, òórùn yàrá náà máa ń bá Kùdírátù délé: òógùn, yunifọ́ọ̀mù tútù, ìtọ̀ ọmọ tí kò rí ọ̀nà jáde lásìkò. Ó ń gbọ́ ọ lára ìborùn rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kírun.

Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ́ ọgọ́rin ọmọ bí a ti í kọ́ ọmọ. Ohun tí Kùdírátù ń ṣe ni pé ó pín wọn sí méjì. Àwọn tó wà lápá ilẹ̀kùn a béèrè, àwọn tó wà lápá fèrèsé a dáhùn.

“Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin?”

“Méjìlá.”

Ó ti mọ́ wọn lára débi pé bí apá ilẹ̀kùn bá ti la ẹnu báyìí, apá fèrèsé kì í dúró ronú. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn ògiri kọjá á ní ilé-ìwé yìí dára. Ohùn náà dùn lóòótọ́. Aṣọ ni, ó sì ń bo àwọn tí kò mọ ohun kan.

Abẹ́ aṣọ náà ni Jameelah wà fún ọdún kan gbáko. Apá fèrèsé ló ń jókòó, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í jà, tí kì í pẹ́ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí àgbàrá dí ọ̀nà, tí ìyá rẹ̀ kò tètè wá mú un, Kùdírátù ní kó ka gbólóhùn kan lójú pátákó. Ọmọ náà wo pátákó. Ó wo ẹnu tíṣà rẹ̀. Ó ń retí kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ kí òun lè tẹ̀ lé wọn, àwọn yòókù sì ti lọ sílé. Nígbà náà ni Kùdírátù mọ̀ pé nínú gbogbo lẹ́tà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni Jameelah dá mọ̀.

Àṣàbí ni ìyá ọmọ náà. Aránṣọ ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó. Kò pariwo nígbà tó gbọ́.

“Àǹtí, mi ò bú yín,” ló wí. “Ẹ̀yin nìkan, mélòó lẹ fẹ́ gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ má fi dídùn bá mi sọ ọ́. Tí kò bá ní í mọ̀ ọ́n níbí, ẹ jẹ́ n tètè gbé e jókòó ti máṣíìnì. Máṣíìnì ò ní í tan ọmọ jẹ.”

“Ìyá Jameelah, ẹ fún mi di òpin táàmù yìí,” ni Kùdírátù bẹ̀ ẹ́. “Wọ́n ti ṣèlérí tíṣà kejì fún wa. Ọjọ́ tí ẹni yẹn bá dé, èmi fúnra mi ni mo máa jókòó ti Jameelah. Lẹ́tà kan sí èkejì.”

Àṣàbí ronú sí i. Ó ní òun gbọ́, òpin táàmù.

Nítorí ìlérí yẹn ni Kùdírátù fi dúró ti ihò ọgbà. Ọ̀gá ilé-ìwé, Màmá Ògúntádé, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Obìnrin tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni, tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ, tí kì í sì í wọ kíláàsì kankan bí kò bá sí àlejò. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń rán ènìyàn wá wo bí ètò dídín èrò kíláàsì kù ṣe ń lọ sí.

“Ìyá Habeeb, bí wọ́n bá bá ọ̀pọ̀ èrò yìí nílẹ̀, wọ́n á ní a ò mọ ilé tọ́jú ni,” ni ọ̀gá wí. “Ṣé ẹ ti rí àlejò tó gbé ẹ̀bùn wọ ilé tó dọ̀tí rí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ogójì tó jókòó dáadáa. Inú wọn á dùn. Ẹni tí inú ẹ̀ dùn là ń tọrọ tíṣà lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Àwọn tó kù ńkọ́, mà?”

“Wọ́n á lọ ké kéwú díẹ̀. Ṣé kéwú ń pa ọmọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kó Kùdírátù nírìíra, ṣùgbọ́n ó gbé e mì bí ẹni gbé àgbo kíkorò mì. Jameelah ló ń wò. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ń jẹ́ Àràmídé. Ọ̀dọ́bìnrin tó mọ ara í tọ́jú ni, bàtà rẹ̀ funfun, ọkùnrin ayàwòrán kan sì tẹ̀ lé e. Màmá Ògúntádé ṣíwájú wọn wọ kíláàsì kẹta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún lọ́dà. Òórùn ọ̀dà ti borí tàná. Ogójì ọmọ dìde, wọ́n kí wọn, wọ́n jókòó padà, mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ńṣì.

Nígbà tí ayàwòrán ń ya ògiri, Kùdírátù rìn láàárín àwọn ọmọ. Kò rìn níbẹ̀ rí, torí kò sí àyè ẹsẹ̀ rí. Ó rí i pé egbò kan wà lẹ́yìn etí Muadh. Ó rí i pé pẹ́ńsù tí Lubabah fi ń kọ̀wé kò gùn ju èékánná lọ. Aneesah sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ láìṣe àṣìṣe kankan, ó káwọ́ gbera, ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti ń parí bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Kùdírátù dúró lórí ọmọ náà díẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà tí òun lọ kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ rèé, iṣẹ́ tí òun kò tíì ṣe rí. Irọ́ ló sì fi í hàn án.

“Ogójì géérégé,” ni Àràmídé wí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. Tiyín ti yọrí.”

“Ọlọ́run ló ń ṣe é, ìyá mi,” ni Màmá Ògúntádé dáhùn.

“Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Tíṣà kan wà lọ́wọ́ wa tí a fẹ́ gbé fún yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò nílò ẹ̀ mọ́, a máa gbé e lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Costain. Èrò tiwọn burú.”

Ẹ̀rín dúró sójú Màmá Ògúntádé bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Kùdírátù ń wò ó, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ọ̀rọ̀ náà jáde.

“Bí ẹ bá ti wò ó sí náà ni, mà.”

Àràmídé ti kọjú sí àwọn ọmọ. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nǹkan fún wa, kí fídíò wa lè dùn.”

Kí Kùdírátù tó mọ ohun tí yóò ṣe, Abdulmuiz tó máa ń ṣáájú apá ilẹ̀kùn ti dìde. Ó na ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin?” ni gbogbo wọn béèrè.

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn nínú yàrá. Kì í ṣe iṣẹ́ apá ilẹ̀kùn láti dáhùn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń dúró, ojú wọn balẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn ogójì ọmọ fò gba orí ọgbà wọlé láti iléékéwú.

“Méjìlá.”

“Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Màmá Ògúntádé pàtẹ́wọ́ pé kí wọ́n dákẹ́. Àwọn ọmọ rò pé ó ń yìn wọ́n, wọ́n gbé ohùn sókè sí i. Àwọn ti ẹ̀yìn ọgbà náà gbọ́, wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ju àwọn lọ. Wọ́n bá a dé mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ kí ó tó rí wọn pa lẹ́nu mọ́.

“Iléékéwú kan ló wà lẹ́yìn wa,” ni Màmá Ògúntádé wí. “Alfa ibẹ̀ máa ń fi ìṣirò kún un fún wọn.”

Ohùn Alfa Sùnmọ́nù wá láti òdìkejì, kò kánjú rárá. “Mummy, ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Álífù ni mò ń kọ́ ọmọ ní tèmi.”

Gbogbo ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ ló ti wà nílẹ̀ báyìí. Kùdírátù wo Àràmídé. Obìnrin náà wo ọgbà láti ojú fèrèsé, ó wo ìdajì yàrá tó ṣófo, níbi tí ọ̀dà kò tilẹ̀ dé ilẹ̀ torí àwọn bẹ́ńṣì tí wọ́n tò jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ayàwòrán rẹ̀.

“Yọ ohùn kúrò nínú ẹ̀,” ló wí. “A ó fi orin sí i.”

Ohun kan fà já nínú Kùdírátù. Ó ti rò pé àwọn ló ń tan ọ́fíìsì jẹ. Kò sí ẹni tí wọ́n ń tàn. Ẹni tí wọ́n parọ́ fún ti gbé àpò wá láti fi gba irọ́.

“Ọmọ mi ni wọ́n, mà,” ló wí.

“Ìyá Habeeb,” ni ọ̀gá rẹ̀ pè é, ohùn rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ kò rọ̀.

Kùdírátù ti dé ojú fèrèsé. “Apá fèrèsé, ó tó. Ẹ máa bọ̀ nílé.”

Wọ́n wá. Wọ́n gba ojú ihò, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ara wọn yá gba orí fèrèsé. Wọ́n tú bẹ́ńṣì ká, wọ́n ti àwọn ti apá ilẹ̀kùn sún, wọ́n jókòó lórí ara wọn bí wọ́n ti í jókòó. Kò sí àyè mọ́ fún àgbàlagbà. Àràmídé àti ayàwòrán fara gbá pátákó, gbogbo ẹfun ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ Àràmídé. Ẹnì kan tẹ bàtà funfun náà mọ́lẹ̀. Ooru dìde. Òórùn àná padà, ó la ọ̀dà kọjá, Àràmídé sì fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi bo imú.

“Kíláàsì kẹta rèé,” ni Kùdírátù wí. “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí àlejò yín.”

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni wọ́n wí, gbogbo wọn, Jameelah náà.

Níta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àràmídé fa Kùdírátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni? Ilé-ìwé tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá wa ti dúró lójú gbogbo ayé, ó ní a ti dín èrò kíláàsì kù. Ó ti sọ ọ́, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un. Tí mo bá wá délé pé kò rí bẹ́ẹ̀, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?”

“Ẹ sọ fún ìyá ọmọ tí kò lè kàwé.”

Àràmídé bẹ̀rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù kan náà nu bàtà rẹ̀. “A máa wá nǹkan ṣe sí i, mà. Mo ṣèlérí.”

Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, káfíńtà kan dé, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la yàrá kíláàsì kẹta sí méjì láti ẹ̀yìn títí dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí pátákó. Pákó náà kò dé àjà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti kọ Kẹta A sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọ Kẹta B sí èkejì. Apá ilẹ̀kùn kò ní fèrèsé mọ́, ó ṣókùnkùn bí inú àpótí. Apá fèrèsé kò ní ilẹ̀kùn.

“Ogójì níhìn-ín, ogójì lọ́hùn-ún,” ni Màmá Ògúntádé wí. “Ẹ rí i pé sùúrù ló ń ṣe gbogbo nǹkan.”

“Ta ni tíṣà B, mà?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ẹ dúró sí àárín, níbi tí pákó pin sí. Ohùn yín kúkú ń dún.”

Ọjọ́ náà gan-an ló kéde fún àwọn ọmọ lórí ìlà, kí wọ́n lè gbé ìròyìn ayọ̀ dé ilé.

Ìròyìn náà dé Pápá Àjàó. Lọ́jọ́ kejì, Àṣàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó wá kí ìyá ọmọ tuntun.

“Àǹtí, ẹ kú oríire o. Jameelah ní wọ́n ti dín wọn kù fún yín. Mo ní kí n wá wo ibi tí ẹ̀yin àti ẹ̀ máa jókòó sí.”

Màmá Ògúntádé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ìgbà tí kì í wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àlejò. “Ìyá Jameelah, ogójì péré ni wọ́n o. Ẹ bá wa dúpẹ́.”

“Mo dúpẹ́, mà.” Àṣàbí ṣì ń wo Kùdírátù. “Ṣé òní lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni ló rọrùn láti sọ. Bí ó bá sọ ọ́, Jameelah á dúró. Á máa wá lójoojúmọ́ nínú yunifọ́ọ̀mù tó mọ́, á máa dáhùn, á sì ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn láìmọ ju lẹ́tà kan lọ, Àṣàbí á sì máa dúpẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ á lọ. Kùdírátù wo obìnrin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi dídùn bá òun sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó ń rùn.

“Ẹ wọlé wá, Ìyá Jameelah.”

Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un dé ibi tí pákó pin sí, ó sì mú un dúró síbi tí òun náà máa ń dúró sí. Ní apá kan, ogójì ojú ń wò wọ́n nínú òkùnkùn. Ní apá kejì, ogójì.

“Ẹ wo ọ̀tún. Ẹ wo òsì. Tíṣà tí wọ́n ní rèé.” Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

 Àṣàbí fi ìka ta pákó náà bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà fún un ní gbàǹjo. Pákó náà mì.

“Pákó nìyí.”

“Pákó ni.”

“Òun ni wọ́n fi dín wọn kù?”

“Òun ni.”

Àṣàbí pòṣé, ó gùn, kò pariwo. “Jameelah, gbé báàgì ẹ.”

“Táàmù ò tíì parí,” ni Kùdírátù wí. Ohùn ara rẹ̀ kò dá a lójú.

“Mo mọ̀, Àǹtí. Ẹ ò purọ́ fún mi, mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ dúró dè?”

Jameelah ti orí bẹ́ńṣì sọ̀kalẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Torí ariwo ti fẹ́ máa sọ, Abdulmuiz ti na ọwọ́ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

“Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin?” ni apá ilẹ̀kùn béèrè látinú òkùnkùn.

“Méjìlá,” ni apá fèrèsé dáhùn láti ẹ̀yìn pákó. Ìyá Jameelah ti dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọmọ náà sì ń bá wọn lọ.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín lé e,” ni Màmá Ògúntádé wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

 Kùdírátù rìn dé etí gọ́tà, ó tutọ́, ó tún un tu. Ohun tó fẹ́ tu kò jáde.

Ọjọ́ náà ni èrò kíláàsì kẹta dín kù lóòótọ́, ó fi ẹnì kan dín. Nígbà tí Kùdírátù fi máa padà dé ibi tí pákó pin sí, ẹlòmíràn ti sún jókòó sí àyè Jameelah. Bẹ́ńṣì náà kò tilẹ̀ tíì tutù.